Yorùbá ni mo fi kọ́ ọ, ó sì yé e

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2025 tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ti kéde pé ìjọba ti wọ́gi lé ìlànà èdè abínibí, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì, ni mo ti ń rí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní èdè abínibí ló ń jẹ́ kí ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC. Èdè abínibí wo? Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, tí mi ò rí ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa tó tẹ̀ lé e rí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ló sọ mí di àǹtí lẹ́sìn, ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé nínú ilé. Oṣù mẹ́jọ la fi jókòó sílé ní 2022, ọdún kìíní ni mo sì wà. Mo kó àwọn ọmọ ojúlé wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Gàrí ni wọ́n ń tà, èmi ni mo máa ń bá wọn wọn kóńgò àti ààbọ̀ kóńgò. Bí mo bá ṣì í, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Dà á padà, tún un wọ̀n." Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: mi kì í sọ ìdáhùn fọ́mọ, n ó gbé nǹkan lé e lọ́wọ́, n ó ní kó tún un ṣe.

Nígbà tó yá, mo ń lọ kọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nílé wọn. Bí o bá bi í èwo ló tóbi nínú 1/4 àti 1/8, á ní 1/8, torí 8 ju 4 lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ya róbótó, tí mo ń kùn ún, tí mo ń ṣàlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Á mi orí, á tún kọ 1/8.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé búrẹ́dì fún wa. Mo mú un, mo ní, "Bí a bá dá èyí sí mẹ́rin, tí a dá irú rẹ̀ sí mẹ́jọ, inú èwo lo ti máa mú ìdá kan?" Ó wo búrẹ́dì, ó wò mí. "Ti mẹ́rin, Àǹtí. Àwọn tó máa pín in ò pọ̀."

Ṣẹ́ ẹ rí i? Lédè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́jọ lọmọ ń gbọ́, ó sì rò pé nǹkan ńlá ni. Nínú "ìdá mẹ́jọ", "dá" ló kọ́kọ́ gbọ́: wọ́n ti dá nǹkan sí wẹ́wẹ́. Mo bi í ní mẹ́wàá sí i, ó gba gbogbo rẹ̀.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe jáde láti kíṣìnnì nìyẹn. "Àǹtí, ṣé Yorùbá ni mò ń gbọ́ yẹn? Ṣé kẹ́ ẹ lè máa sọ Yorùbá fún un ni mo ṣe ń san 15,000 náírà lóṣù?" Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo na ìwé ọmọ sí wọn. Wọn ò wò ó. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n san owó mi pé, wọ́n ní kí n má wá mọ́.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ náà ní 1/6 àti 1/9. Ó dákẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń yí i sí Yorùbá nínú. Ó gbà á, àmọ́ ó pẹ́. Ìdánwò ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo máa bẹ̀rẹ̀ nílé mìíràn. Ìyá ọmọ ti pè mí: "Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni o, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.