Ta ló ní kẹ́ ẹ máa fi RETURN gbé owó?

Mo ti fara dà á tó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ stored procedure (àkójọ àṣẹ tá a fún lórúkọ, tá a lè pè nígbàkúùgbà) nínú SQL Server (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀), tẹ́ ẹ sì ń fi RETURN dá iye owó padà, ẹ̀yin lẹ sọ mí di ẹni tí ìyá àgbà ń wò bí olè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń bá tọ́jú ìwé owó wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíì ló kọ ètò náà kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pín èrè ọdún, màmá kan tí wọ́n ń ta èlùbọ́ láfún ní Sábó gbé káàdì wọn wá. ₦240,000 ni wọ́n ní lápò ẹgbẹ́. Ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìpàdé fẹnu kò sí, ₦18,000 nìyẹn. ₦16,800 ni kọ̀ǹpútà gbé jáde! Wọ́n tẹ́ káàdì sórí tábìlì mi, ìyẹ̀fun láfún ṣì wà létí rẹ̀.

"Ọmọ mi, níbo ni ẹgbẹ̀fà náírà mi wà?"

Odidi ọ̀sán ni mo fi jo epo jẹnẹrétọ̀ lórí ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn ni mo ti bá a: RETURN @ida. 7.5 wọlé, 7 jáde! Odidi nọ́ńbà nìkan ni RETURN mọ̀. Ó gé ìdajì yẹn dànù, kò sì ké. Bí ẹ bá fún un ní "Adé", á pariwo pé òun ò lè sọ ọ́ di nọ́ńbà. Èyí tó jẹ́ owó, ó gé e, ó dákẹ́!

Kó sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ ni RETURN wà fún: 0 bó bá yọrí, nọ́ńbà míì bó bá kọsẹ̀. Owó, orúkọ, ọjọ́, OUTPUT, ìyẹn àpò tí procedure fi ń gbé èsì jáde, ni kó gbé e. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ìlà, ẹ lo SELECT, àṣẹ tó ń kó ìlà àkọsílẹ̀ jáde. MySQL, ètò àkọsílẹ̀ míì, kì í tiẹ̀ gba RETURN nínú procedure rárá, inú function (àkójọ àṣẹ tó ń dá iye kan padà) ló ti fàyè gbà á. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Mo wá tún un kọ pẹ̀lú OUTPUT. Àbúrò tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pè é, kò kọ OUTPUT síbi EXEC, àṣẹ tá a fi ń pe procedure. Níbi tá a ti kọ procedure àti níbi tá a ti pè é, ibi méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà! Kọ̀ǹpútà ò sọ pé àṣìṣe kankan wà o, NULL, ìyẹn àìsí iye kankan, ló kàn fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ bá fi NULL sọ di púpọ̀, NULL náà ni. Ìwé tá a tẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ Sátidé, ojú èrè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣófo pátá. Alága nà án sókè níwájú gbogbo wọn, wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé.

Àpò ara mi ni mo ti san ẹgbẹ̀fà náírà màmá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú mi kí wọ́n tó so ó mọ́ etí ìró.