Ẹ Dá Èèpo Iwájú Magasíìnì Padà Fún Akẹ́kọ̀ọ́

Èrò ọkàn mi rèé, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́: fọ́tò ọ̀gá kọ́ ló yẹ kó wà níwájú magasíìnì tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ti gíwá yunifásítì, kì í ṣe ti olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti ọlọ́lá tó fẹ́ wá ṣe ìfilọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe ti ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ipò sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni kó wà níbẹ̀. Èèpo ìwé ni mò ń ṣe jẹun n'Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi sì ti ń wá, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo yunifásítì nílẹ̀ Yorùbá mọ irú èèpo tí mò ń wí. Bàbá kan nínú agbádá, ó jókòó sórí àga aláwọ, àsíá Nàìjíríà wà lẹ́yìn rẹ̀. Fọ́tò kéékèèké tí wọ́n gé róbótó yí i ká. Lógò yunifásítì, lógò ẹ̀ka, lógò ẹgbẹ́, lógò báńkì tó dá wọn lówó. Àkọlé bíi mẹ́jọ, kò sí èyí tó tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n á pín in lálẹ́ ọjọ́ Dinner, àwọn tó gbà á á máa fi fẹ́ra nítorí ooru, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ẹ ó bá a lórí àga, ẹ ó bá a lábẹ́ àga, ẹ ó bá èyí tí wọ́n fi nu ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀. Ìwé tí àwọn ọmọ kan fi oṣù púpọ̀ kọ, tí wọn kò sùn nítorí rẹ̀! Ó máa ń dùn mí púpọ̀, torí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń dára. Mo ti ka ìtàn kúkúrú nínú irú magasíìnì bẹ́ẹ̀ tí n kò tíì gbàgbé títí dòní. Èèpo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i.

Mo mọ ibi tó ti wá, n kò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Owó ni. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ní owó ìtẹ̀wé lọ́wọ́. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n gbà níbẹ̀rẹ̀ ọdún ti bá T-shirt lọ, ó bá ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ lọ, ó bá bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó kù ni kí wọ́n pe olówó kan wá ṣe ìfilọ́lẹ̀: yóò ra ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní iye tó bá wù ú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, MC yóò máa pọ́n wọn lé. Owó yẹn ni wọ́n á fi san gbèsè atẹ̀wé. Ta ló wá láyà láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ojú rẹ̀ kò ní sí níwájú? Bí èèpo iwájú ṣe di ìwé ìdúpẹ́ nìyẹn. Ẹni tó sanwó rí ara rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó gbé e lọ sílé. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ìwé kò rí ohun kan tó kàn án.

Bẹ́ẹ̀, ojú ènìyàn ló ń fa ojú ènìyàn, ó kàn jẹ́ pé ojú ta ni. Àwọn tó ṣe Atọ́ka mọ èyí. Ní 1967 ni magasíìnì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré tíátà wa, ojú òṣèré tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ni wọ́n sì fi ń tà á. Ẹni tí kò tíì ka lẹ́tà kan ti mọ̀ pé eré ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà. Wálé Adénúgà ya kàtúùnù fún magasíìnì akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Èkó, kó tó wá dá Ikebe Super, magasíìnì kàtúùnù aláwàdà, sílẹ̀ ní 1976. Ọgbọ́n tó fi ta á ni pé ẹ̀rín ti ń pa òǹkàwé kó tó san owó. N'Ìbàdàn wa níbí, ní 1957, ni Black Orpheus bẹ̀rẹ̀, magasíìnì lítíréṣọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà títí dòní. Susanne Wenger, ayàwòrán tí àwọn ará Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, wà lára àwọn tó ṣe èèpo rẹ̀. Àwọ̀ díẹ̀, àwòrán tó lágbára, ó parí. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí tábìlì lónìí láàárín magasíìnì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mẹ́wàá, òun ni ọwọ́ yín máa kọ́kọ́ lọ bá.

Akẹ́kọ̀ọ́ wo wá ni kí a gbé síwájú? Kì í ṣe èyí tó rẹwà jù, kì í sì í ṣe èyí tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹ wá ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà gan-an. Ọmọbìnrin tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi gun àtẹ̀gùn hóòsìtẹ́ẹ̀lì dé àjà kẹta. Ọmọkùnrin tó ń gẹrun fún àwọn ará yàrá rẹ̀ kó lè rí owó ilé-ìwé. Ẹni tó sùn lé ìwé lórí ní yàrá ìkàwé lálẹ́ ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i á sọ pé "èmi nìyí" tàbí "mo mọ̀ ọ́n", ibẹ̀ ni yóò ti ṣí i. Kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà, kó fọwọ́ sí ìwé, kó rí fọ́tò náà kó tó jáde. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, kò fẹ́ náà nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń fi ọmọbìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọṣọ síwájú ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa obìnrin nínú rẹ̀. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, màá tún kọ̀ ọ́. Ìdajì àwọn tó fẹ́ ka ìwé yẹn ni obìnrin, ohun tí ẹ sì ń sọ fún wọn ni pé àwọn kọ́ ni ẹ ṣe é fún.

N kò fẹ́ àwòrán AI náà fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ wò ó dáadáa: ilé tó wà lẹ́yìn kò sí ní ọgbà yín, àwọn igi rẹ̀ kì í hù n'Ìbàdàn, gèlè orí ìyá tó wà níbẹ̀ kò ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Fóònù tó wà lápò wọn tó láti ya fọ́tò tó dára, bí wọ́n bá dúró lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ tó ń wà lára èèpo, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá àwọn olóòtú jà jù. Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn ọmọ kan kọ́ ìránṣọ, àwọn kan kọ́ ètò kọ̀ǹpútà, àwọn kan ṣègbéyàwó, àwọn kan kò padà wá mọ́. Nígbà tí ilé-ìwé ṣí, ẹgbẹ́ kan gbé magasíìnì wọn wá fún mi, àkọlé ńlá tí wọ́n fẹ́ kí n kọ síwájú ni "Ipa Ẹ̀kọ́ Gíga Nínú Ìdàgbàsókè Orílẹ̀-èdè". Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kọ "Kí lo fi oṣù mẹ́jọ ṣe?", ká fi ojú ọmọ kíláàsì wọn tó ti di télọ̀ sí i, ká má kọ nǹkan mìíràn. Olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ ní ìbéèrè kì í ṣe àkọlé, pé kò fọkàn ẹni balẹ̀. Àkọlé àkọ́kọ́ ni wọ́n tẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, mo gbà pé ìbéèrè yẹn ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún náà ń bi ara wọn.

Àkọlé kan ló yẹ kó pariwo. Kó má ju ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní búkà àti nínú yàrá, lédè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ní 2024 tí NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kò sí ẹni tó fẹ́ ka "Ìlànà Ètò Ẹ̀yáwó Fún Akẹ́kọ̀ọ́". Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni "Ṣé tìẹ ti wọlé?" Ẹ kọ ìyẹn. Àwọn àkọlé kékeré méjì tàbí mẹ́ta lè wà nísàlẹ̀, èyí tó bá kù, inú ìwé ni ilé rẹ̀.

Orúkọ magasíìnì ńkọ́? Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ olóòtú ń yí padà, gbogbo ìgbìmọ̀ tuntun ló sì ń fẹ́ fọ́ǹtì tuntun, àwọ̀ tuntun, ibòmíràn tí wọ́n á gbé orúkọ sí. Láti 1927 ni Time ti ń fi ìlà pupa yí èèpo rẹ̀ ká, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń dá a mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán kí ẹ tó ka orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún ló nílò irú àmì bẹ́ẹ̀ jù, torí òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àkọ́kọ́ á ṣì máa rí nígbà tó bá dé ọdún àṣekágbá.

Orí tábìlì kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ń rí èèpo lónìí. Orí status WhatsApp ni, nínú group kíláàsì, níbi tí kò ti tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo máa ń fún un pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà títí á fi kéré tó bẹ́ẹ̀, màá wá bi ẹni tó bá wà nítòsí pé kí ló rí. Bó bá ní "ọmọbìnrin kan tó gbé omi", a ti ṣe é. Bó bá ní "nǹkan pọ̀ níbẹ̀", a padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Àwọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mókólá n'Ìbàdàn àti ní Ṣómólú l'Ékòó. Iná ni fóònù fi ń gbé àwọ̀ jáde, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Búlúù tó ń tàn yòò lójú Canva, ètò tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe èèpo lórí fóònù, á ṣú tó bá dórí bébà, wọ́n á sì ní atẹ̀wé ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ yí fáìlì sí CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin náà, fúnra yín, kí ẹ rí i kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Kí fọ́tò jẹ́ 300 dpi, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún tó-tò-tó nínú íǹṣì kan, ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bíi document, torí èyí tó bá gba ọ̀nà fọ́tò lásán ti bàjẹ́ kó tó dé. Kí àwòrán yọ mìlímítà 3 kọjá etí ìwé, kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìgébébà má baà fi ìlà funfun sílẹ̀.

Bí àkọlé bá jẹ́ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì fi fọ́ǹtì tó lè gbé e kọ ọ́. Lẹ́tà wa tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, bí ẹ́ àti ọ̀, kò ní nọ́mbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń to ó pọ̀, fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún un á sì tò ó ségesège: àmì ohùn á fò sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó di àpótí kékeré. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí ẹ bá fi lẹ́tà ńlá kọ àkọlé onílà méjì, ẹ fi àyè sáàárín ìlà méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì orí Ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ á lọ kọlu àmì abẹ́ Ẹ tó wà lókè.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo yín ń lọ. Ojú mẹ́rin ni èèpo ní: iwájú, inú iwájú, inú ẹ̀yìn, àti ẹ̀yìn pátápátá. Ẹ̀yìn pátápátá yìí ni owó ìpolówó rẹ̀ máa ń wọ́n jù, nítorí bí ìwé bá dojú dé lórí tábìlì, òun ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹ fún ọlọ́lá ní ibẹ̀, kó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, fọ́tò ńlá kan tó mọ́, láìsí róbótó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dára fún un ju kí ó máa bá lógò mẹ́rin du àyè níwájú lọ. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ iwájú àti ẹ̀yìn sórí bébà, kó rí i lójú ara rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí olóòtú kan, ọmọbìnrin ọdún kẹta, lọ bá irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé bébà náà lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ̀yìn yìí látòkè délẹ̀, tiyín ni, sà. Ọmọ tó wà níwájú, ọ̀kan lára àwọn tí owó yín fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni." Bàbá wo ẹ̀yìn, ó yí i padà, ó wo iwájú pẹ́. Ó béèrè ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń kọ́. Ó béèrè bóyá omi kì í dé òkè ní hóòsìtẹ́ẹ̀lì yẹn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun fara mọ́ ọn, àmọ́ kí wọ́n bá òun kọ ọdún tí òun jáde síwájú orúkọ òun, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun lè rí i.