Ìjọ Mẹ́ta Jẹ Àgbádárìgì Ní Gbèsè

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 1850 ni Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Harvey Goodale tí wọ́n jọ gbéra nílé ti kú sí Làìbéríà. Bowen kò torí ìyẹn padà. Ó kọ́ èdè Yorùbá débi pé ní 1858, wọ́n tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè tó ṣe jáde ní Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọ Onítẹ̀bọmi fi sọ yunifásítì tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ ní 2001. Ìwó ni wọ́n gbé e sí.

Samuel Ajayi Crowther ti ìjọ Áńgílíkà ti dé ṣáájú rẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní 1845 ni òun àti Henry Townsend gúnlẹ̀ síbí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó ń retí wọn, ti papò dà, ọ̀nà ò sì gba èrò. Ọdún kan àbọ̀ gbáko ni Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, fi jẹ oúnjẹ ìlú yìí, tó fi wàásù fún wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìjọ rẹ̀ kọ́ nígbà náà ṣì wà létí ọ̀sà, àwọn àlejò ń san owó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Yunifásítì Ajayi Crowther ńkọ́? Ọ̀yọ́ ló wà láti 2005, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's fìdí kalẹ̀ sí ní 1896.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo wọn: 1842 ni Thomas Birch Freeman dé, lábẹ́ igi Àgíà ni wọ́n sì ti wàásù. Oǹdó ni Yunifásítì Wesley tiwọn wà, láti 2007.

A ò bá Ìwó, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó ṣe ìlara. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọmọ apẹja àti ọmọ alágbọn ìlú yìí ò lè san owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Láyé Freeman, àwọn ajíhìnrere ló ń bẹ òbí kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ fún ilé-ìwé. Lónìí, òbí ló ń tọrọ.

Àwọn aláṣẹ yunifásítì lè ní owó ilé-ìwé làwọn fi ń gbọ́ bùkátà, pé ìjọba kì í fún aládàáni ní owó TETFund, àpò ìrànwọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a kò fi dojú ọ̀rọ̀ yìí kọ gíwá kankan. Àwọn ìjọ tó ni wọ́n là ń bá wí, àwọn tó ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà, tí igbá ọrẹ wọn ń kún lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo.

Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa gba ọmọ márùn-ún láti ilé-ìwé ìjọba Àgbádárìgì lọ́dọọdún, lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọn yóò fi gboyè. Kí wọ́n má béèrè bóyá Mùsùlùmí ni bàbá ọmọ tàbí abọ̀rìṣà. Freeman ò béèrè. Lẹ́yìn náà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pawọ́ pọ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbí fún ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá àti èdè Ògù, nítorí èdè Ògù ni wọ́n bá lẹ́nu àwọn tó gbà wọ́n lálejò, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó sì ń kọ́ni ní in kò wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ti Ààfin Akran, ọba ìlú yìí, àti ìjọba ìbílẹ̀. Kí wọ́n tètè kọ̀wé sí ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ìdánwò JAMB tó ń bọ̀ tó dé.