Ta ló ní a ò gbọdọ̀ yí fókọ́ọ̀sì láàárín timelapse?

"Tẹ́ ẹ bá ti fókọ́ọ̀sì tán, ẹ fi téèpù lẹ òrùka lẹ́ńsì pa, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ń kọ́ timelapse nìyẹn, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ fọ́tò tí wọ́n yà tẹ̀ léra tò pọ̀. Kò burú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ dòfin, débi pé bí àwọn kan bá rí fídíò tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ (ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere) rọra kúrò lára òdòdó iwájú lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Ó ṣeé ṣe nínú kámẹ́rà, láìsí idán kankan.

Òfin yẹn ò kúkú ṣàdédé wá. Fókọ́ọ̀sì aládàáṣe máa ń wá ibi tó máa wò kó tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ó lè mú ewé nínú èyí, kó mú ìkùukùu nínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ ẹ bá sì tò wọ́n pọ̀, fídíò á máa ṣe bàìbàì, á tún máa mọ́. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Yíyí tí kò létò ló ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ gbé ìṣirò yìí yẹ̀ wò. Bí fọ́tò 24 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fọ́tò 240 ni fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ká ní fókọ́ọ̀sì máa fi ìṣẹ́jú-àáyá 4 rìn, fọ́tò 96 nìyẹn. Bí òrùka bá ní láti yí ní digírí 48, ìdajì digírí ló kan fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yí digírí 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ayé á rí i bó ṣe fò.

Ẹ má wá pín in dọ́gba délẹ̀ o. Tí ìṣísẹ̀ gbogbo bá dọ́gba, fókọ́ọ̀sì á gbéra lójijì, á sì dúró bí ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ṣàdédé tẹ bíréèkì. Kó kéré níbẹ̀rẹ̀, kó máa tóbi dé àárín, kó tún máa kéré lọ. Ẹ má sì fi iye mítà tó wà láàárín kámẹ́rà àti ohun tẹ́ ẹ̀ ń yà ṣírò, torí pé ìrìn lẹ́ńsì kì í bá a dọ́gba. Lẹ́ńsì 50mm tí gbogbo gíláàsì inú rẹ̀ jọ ń sún pọ̀ máa ń rìn tó nǹkan bíi mílímítà 3 bí fókọ́ọ̀sì bá kúrò ní ìdajì mítà lọ sí mítà 1. Láti mítà 10 lọ dé ibi tójú ò lè tó mọ́, ìdá mẹ́rin mílímítà kan péré ni.

Ìgbà tí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, bá ti pa dé ni kẹ́ ẹ tó yí òrùka. Bí fọ́tò kan bá ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2, tẹ́ ẹ sì ń yà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 síra, 3 tó kù lẹ ní fún yíyí àti fún kí kámẹ́rà dúró jẹ́ẹ́. Ọwọ́ máa ń mi kámẹ́rà, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré tó ń yí òrùka dáa jù. Àwọn lẹ́ńsì tí òrùka wọn ò yí gíláàsì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ iná mànàmáná ló fi ń ránṣẹ́ sí mọ́tò inú lẹ́ńsì, nìkan ló yàtọ̀: lára ọ̀pọ̀ wọn, béèyàn bá ṣe yára yí i tó ló ń pinnu bó ṣe máa jìn tó, àmì tẹ́ ẹ fà sára òrùka ò wúlò. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ ti darí irú wọn.

Ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì tún máa ń mú kí ohun tó wà nínú àwòrán tóbi tàbí kó kéré díẹ̀ bí fókọ́ọ̀sì ṣe ń yí. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, ẹ fi wọ́n wéra, kẹ́ ẹ sì fàyè sílẹ̀ létí àwòrán fún ohun tẹ́ ẹ máa gé kúrò.