Èsì wa sí Bàbá tó fún wa ní ìràwọ̀ kan: agolo bíà yín kò sọnù

Ẹ ṣé, sà, tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa ìkànnì wa, níbi tí àwọn tó ń kó agolo àti ìgò bíà jọ ti ń kọ àkọsílẹ̀ wọn, tí ẹ sì fún un ní ìràwọ̀ kan péré. A ti kà á.

Nítorí àwọn tí yóò rí ìràwọ̀ kan yẹn lọ́la tí wọn kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, mo ní láti ṣàlàyé rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tí Bàbá kọ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2025 ni pé àwọn kó àkójọ bíà àwọn tó jẹ́ 412 sórí ìkànnì wa, pé nígbà tí àwọn padà wò ó, 341 làwọn bá, pé ọmọ ọ́fíìsì wa ló jí ìyókù. Wọ́n ní téèyàn bá ń wá nǹkan níbẹ̀, kò ní rí i, pé fọ́tò àwọn kò sì hàn. Wọ́n ní ìbéèrè pọ̀ jù, owó náà pọ̀ jù. Wọ́n wá parí rẹ̀ pé ẹni tí kò mu bíà rí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa bíà tó fi ń ṣe ìkànnì fún àwọn tó ń kó o jọ.

Ọ̀rọ̀ olè ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló dùn mí jù. Agolo yín wà nílé yín, sà, níbi tí ẹ tò wọ́n sí. Ohun tó wà lọ́dọ̀ wa ni àkọsílẹ̀ wọn: orúkọ bíà, ọdún, ìlú tí wọ́n ti pọn ọ́n, ibi tí ẹ ti rà á, fọ́tò. Ọmọbìnrin tí ẹ ń sọ yẹn ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí. Kò láṣẹ láti pa ohunkóhun rẹ́ nínú àkójọ ẹnikẹ́ni. Bó tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, kò sí ibi tó máa tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tí nǹkan oníbàárà á fi lọ. Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí a mọ̀ pé ẹni tó bá ti ń kó nǹkan jọ láti ìgbà èwe kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ó dáa, níbo wá ni 71 wà?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ni Bàbá fi fáìlì wọn ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ àkójọ wọn sínú táblì kan lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ gidi ni, mo sì kí wọn fún un. Wọ́n kọ orúkọ, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti rà á, wọ́n sì kọ nọ́ńbà barcode (àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ máa ń kà lára ọjà) àwọn agolo tí wọ́n rà ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Díjíìtì 13 ló máa ń wà nínú barcode ara agolo, èyí tí ilé iṣẹ́ bá sì gbà lọ́dọ̀ GS1 Nàìjíríà, àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà barcode, 615 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ díjíìtì 13 sínú táblì orí kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ sọ fún un pé kó mú un bí ọ̀rọ̀ lásán, yóò rò pé ìṣirò lẹ fẹ́ ṣe, yóò sì ké e kúrú di 6.15E+12. Bí ẹ bá wá fi táblì náà pamọ́ ní CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ lè fi ránṣẹ́, ohun tó hàn yẹn ni yóò wọ inú fáìlì. Àwọn díjíìtì tó kù ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè wá wọn padà láti inú fáìlì náà, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.

Bí agolo 72 ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn tí gbogbo wọn ń jẹ́ 6.15E+12. Star, Gulder, Trophy, Hero, Guinness, nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àwọn ti òkè òkun kò bá a lọ, torí Bàbá kò kọ nọ́ńbà sí tiwọn.

Ìkànnì wa kò pa ìkankan rẹ́ nínú wọn. Ó fi ẹyọ kan sínú àkójọ, ó kó 71 yòókù sí ojú ewé tí a kọ “Ó jọ pé ẹ ti ní èyí” sí lórí, ó sì ní kí ẹ wá wò wọ́n kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ ọ̀kan náà àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn kúrò lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Nígbà tí a kò gbúròó yín, ọmọbìnrin wa pè yín lórí fóònù ní ọjọ́ 22. Ẹ ní òde ìgbéyàwó lẹ wà ní Ìkìrun, kó pè tó bá di ọjọ́ Ajé. Ó pè lọ́jọ́ Ajé, ẹ kò gbé e. Ọmọ yìí kan náà lẹ wá kọ ọ̀rọ̀ olè sí lọ́rùn. Ẹ yọ 71 kúrò nínú 412, ẹ ó rí 341. Kò sí ẹyọ kan tó dín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbé àkójọ yín wá sọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà barcode, ẹ yí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn sí ọ̀rọ̀ lásán. Tàbí kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá: ẹ gbé fóònù yín sí ara agolo, ìkànnì á kà á fúnra rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í mú. Ọjà ni barcode ń sọ, kì í sọ àwọ̀ agolo. Ilé iṣẹ́ lè yí àwòrán ara agolo padà nítorí ọdún Kérésì tàbí ìdíje bọ́ọ̀lù, kí nọ́ńbà náà má yí. Fún ẹni tó ń tà á, ohun kan náà ni. Fún ẹni tó ń kó o jọ, méjì ni. Ìdí tí a kò fi jẹ́ kí barcode nìkan dá ẹjọ́ nìyẹn, tí a fi ń bi ẹni tó ni ín.

Ti pé n kò mu bíà, òótọ́ ni. Mùsùlùmí ni mí, inú ààwẹ̀ la wà lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò mu ún rí, n kò sì ní í lọ́kàn láti mu ún. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ń kó jọ kì í ṣe ohun inú agolo, sà. Agolo yín ti gbẹ. Ohun tó ń mú ẹni tó ń kó o jọ dúró níwájú pẹpẹ ni ìtàn ibi tí agolo ti wá, mo sì ti jókòó kọ́ ìtàn náà dáadáa. Mo mọ̀ pé oṣù Kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Mo mọ̀ pé 1970 ni Gulder dé. Mo mọ̀ pé ilé ọtí Iléṣà tó ń pọn Trophy, tí kò jìnnà sí wa rárá, ọdún 1978 ló bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí, àti pé láti ìgbà náà ó ti bọ́ sọ́wọ́ SABMiller, ilé iṣẹ́ ọtí òkè òkun, ó sì bá a lọ sọ́wọ́ AB InBev, ilé iṣẹ́ ọtí òkè òkun mìíràn, ní 2016. Ní 2024, Diageo, ilé iṣẹ́ ọtí òkè òkun, ta ìpín tirẹ̀ nínú Guinness Nàìjíríà fún ilé iṣẹ́ Tolaram. Ọtí kan náà, olówó mìíràn.

Ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ yẹn bí ìkànnì bá ní àyè kan ṣoṣo fún “ilé iṣẹ́”. Àyè méjì ni tiwa ní: ibi tí wọ́n ti pọn ọtí, àti ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà lọ́dún tí agolo jáde. Ẹ ní ìbéèrè pọ̀ jù; ìbéèrè yìí wà lára wọn, mi ò sì ní yọ ọ́. Áàpù Untappd ti wà láti 2010, ó sì dára fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún, pé kí èèyàn kọ bíà tó mu àti bó ṣe dùn tó lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ní ìgò àtijọ́ tí kò fẹ́ ṣí láé, tirẹ̀ yàtọ̀.

Ìgò gan-an ló le jù, ó sì yẹ kí Bàbá mọ èyí ju èmi lọ. Ìgò bíà wa níbí kì í ṣe ìgò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ mu ún tán, kíréètì gbé e padà sílé iṣẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rọ ọtí sí i, wọ́n lẹ pépà tuntun mọ́ ọn, ó tún jáde, bí àgbàlagbà tó wọ aṣọ ẹbí tuntun lọ sóde. Pépà ara rẹ̀ lè jẹ́ ti ọdún yìí, kí ìgò fúnra rẹ̀ ti dàgbà gan-an, kí ìdérí rẹ̀ sì tún jẹ́ ti nǹkan mìíràn. Bí a bá fi ọdún kan ṣoṣo kọ gbogbo rẹ̀, irọ́ la kọ. Fún ìdí yìí, ìgò ní àyè tirẹ̀, pépà ní tirẹ̀, ìdérí ní tirẹ̀. A ní oníbàárà tó jẹ́ ìdérí nìkan ló ń kó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́ọ̀kì, tó mọ̀ pé eyín 21 ló yẹ kó wà lára rẹ̀, tó sì ń kà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní sọ pé ìbéèrè wa pọ̀ jù.

Ẹ kọ pé ẹ tẹ “Ilesa”, kò mú “Iléṣà” wá. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni a ti parí iṣẹ́ lórí ìyẹn, ọjọ́ 14 lẹ kọ ẹ̀sùn. Ọmọkùnrin tó ń kọ kóòdù fún wa ló ṣe é, iṣẹ́ náà kò sì rọrùn bí ẹ ṣe rò. Lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà é ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn àkójọ nọ́ńbà lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ṣe ni wọ́n máa ń tò ó pọ̀. Fóònù yìí á tò ó báyìí, fóònù yẹn á tò ó lọ́nà mìíràn. Ẹni tó kọ Ọ̀fà lórí fóònù rẹ̀ àti ẹni tó kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ojú wa á rí ohun kan náà, ẹ̀rọ á ní méjì ni. Ní báyìí, ìkànnì máa ń to gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà kan kó tó wá a, ó sì ń wá a láìka àmì sí pẹ̀lú. Ẹ tẹ Ilesa, ẹ tẹ Iléṣà, ẹ tẹ ilesa, àbájáde kan náà ni. Ẹ dán an wò.

Fọ́tò tí kò hàn: irú fáìlì fọ́tò kan tó ń jẹ́ HEIC ni fóònù yín fi ń yà á, ọ̀pọ̀ bùráúsà kì í sì ṣí i. A ti ń yí i padà fúnra wa báyìí sí JPEG, irú èyí tí gbogbo bùráúsà ń ṣí.

Owó wá kù. ₦6,000 lọ́dún. Dọ́là la fi ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀, gbogbo yín lẹ sì mọ ohun tó dé bá náírà láti 2023. A kò fi kọ́bọ̀ kan kún iye wa láti ìgbà náà. Lálaalẹ́ ni a ń ṣe ẹ̀dà àkójọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sólà ló sì ń gbé ọ́fíìsì wa bí iná bá lọ. Mi ò rò pé owó yẹn pọ̀.

Síbẹ̀, sà, a ó dá ₦6,000 yín padà, pé pérépéré. Àkáǹtì yín á sì wà ní ṣíṣí fún ọdún méjì láìgba nǹkan kan. Ọmọkùnrin wa á wá bá yín nílé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Òṣogbo níbí náà lẹ wà, á fi fóònù ka barcode agolo 72 náà lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú yín, á sì tún fọ́tò wọn yà. A kì í ṣe èyí fún ẹnikẹ́ni. Mò ń ṣe é kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i pé kò sí ohun tó sọnù.

Ìràwọ̀ kan yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bó bá wù yín. Ọ̀rọ̀ olè yẹn ni kí ẹ jọ̀wọ́ yọ kúrò. Ẹ kò dárúkọ ọmọbìnrin wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń gbé fóònù lọ́fíìsì wa, gbogbo ẹni tó ti pè wá rí ló mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ pè wá kí á mú ọjọ́ tí ọmọkùnrin náà máa wá. Ọmọbìnrin yẹn náà ló máa gbé fóònù.