Géètì Ti Dé, Ọ̀nà Ń Bọ̀

Ẹ wọkọ̀ ní Berger, ẹ gba orí afárá gígùn yẹn lọ. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ ti jáde ní Èkó. Bí ẹ bá dé Mòwé, ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ wà. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ létí ará Mòwé o. Èkó ni tiẹ̀. "Lẹ́yìn Berger díẹ̀ ni." Díẹ̀ ọ̀hún ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́rin ìdájí.

Àṣà tó wá gbòde níbẹ̀ ni ẹ̀sìtéètì. Oko ìrẹsì àná ti di Royal kiní kan Garden, Phase 2. Phase 1 dà? Kò sẹ́ni tó rí i rí. Ẹni tó ra hááfù pulọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 níbùú, 60 lóròó, nínú àbàtà, ti ní orúkọ ẹ̀sìtéètì lẹ́nu kó tó ní búlọ́ọ̀kù kan nílẹ̀.

Wọ́n á pèpàdé. Kò sí gọ́tà, kò sí òpó iná, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní kòròpé ń rì lójú ọ̀nà. Géètì ni gbogbo wọn á fẹnu kò sí.

Ó yẹ kí ihò òpó géètì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí irin oní-mílímítà 16 mẹ́rin wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan, kí kọnkéré jẹ́ sìmẹ́ńtì ọ̀kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó le dáadáa kí wẹ́dà tó débẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ti bá ère kìnnìún méjì tó máa jókòó lórí òpó lọ. Ihò di ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, irin di 10, wẹ́dà so géètì kọ́ ọ lọ́jọ́ kẹrin. Ó di oṣù kẹfà, òjò dé. Àbàtà mumi yó, ó rọ̀, òpó tẹ̀ síbi tí ẹrù wà, imú géètì kanlẹ̀. Ni wọ́n bá fi òkúta tì í, kò ṣeé pa dé mọ́. Mégáàdì wá jókòó ti géètì tó ṣí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó ń bi ẹni tó ń ti ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀ pé, "Ta lẹ wá kí?"

Ògiri ńkọ́? Kò sí. Ẹ̀gbẹ́ òpó ni ewúrẹ́ ń gbà. Olè náà ń gbabẹ̀.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ nìkan ni orúkọ òyìnbó ò dà láàmú. Wọ́n gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n gba ti líńtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gba ti òrùlé. Nígbà tí kìnnìún gorí òpó, wọ́n wá gba ti kìnnìún.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà sì rèé: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ẹ̀sìtéètì, Èkó ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń san owó orí wọn fún. Bí kòtò bá gbé kòròpé mì tán, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí géètì, ìrẹsì Ọ̀fàdà ni wọ́n fi gbàlejò, nínú ewé, pẹ̀lú ayamáṣe. Ìlú Ọ̀fàdà kò ju ibi tí kẹ̀kẹ́ lè gbé èèyàn dé. Ọjà Mile 12 ní Èkó ni wọ́n ti lọ ra ìrẹsì náà.