Tísà Tíípíì àti Gàrí Ìyá Kàmọ́rù

(Mushin, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. Tísà Tíípíì ṣì ń ṣe NCE lọ́wọ́, wọ́n ní kó wá fi kíláàsì karùn-ún kọ́ṣẹ́. Kò tíì mọ orúkọ ọmọ kan, ó ti ra pàṣán. Táì ọrùn ẹ̀ ti fẹ́ kan orúnkún. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti ń rán irú ẹ̀.)

TÍSÀ: Ẹ dákẹ́! Máàsì kì í ṣe ti gbogbo orí o. Ẹni tí Ọlọ́run bá fún ló ní in. ½ ÷ ¼, èló ni?

KÀMỌ́RÙ: Méjì ni, sà.

TÍSÀ: Méjì kẹ̀? Ìdajì lo pín, ó wá di méjì? Ṣé owó ìdán ni? Nǹkan téèyàn bá ti pín, ó gbọ́dọ̀ kéré sí i. Òfin ni!

KÀMỌ́RÙ: Sà, tí mo bá gé ìdajì búrẹ́dì Agége sí kọ́tà-kọ́tà, kọ́tà méjì ló máa...

TÍSÀ: Ta ló pe búrẹ́dì sí i? Ebi ń pa ẹ́ ni? Wo ojú pátákó: ⅛. Dà á kọ.

KÀMỌ́RÙ: Kí ló fà á, sà?

TÍSÀ: Kò sí "kí ló fà á" nínú máàsì! Òfin ni! Tó o bá ń wá "kí ló fà á", lọ jókòó ti bàbá àgbà ẹ.

(Ọ̀gá ilé ìwé yọjú lójú fèrèsé. Obìnrin yìí kì í bú èèyàn, ó kàn máa ń wò ẹ́ ni.)

Ọ̀GÁ: Ọ̀gbẹ́ni Tíípíì, ẹ ò yí ti ẹ̀yìn sódì. ¼ á di 4, ½ × 4, méjì. Ọmọ yẹn gbà á.

TÍSÀ: Mo mọ̀ ọ́n, mà! Yí i sódì, kó o táìmù ẹ̀. Mo ti há a sórí láti fọ́ọ̀mù wán.

Ọ̀GÁ: Kí ló dé tá a fi ń yí i?

TÍSÀ: Òfin ni, mà.

Ọ̀GÁ: Ẹ fi ohun tí wọ́n lè fojú rí ṣàlàyé ẹ̀.

TÍSÀ: Mà, kíláàsì máàsì nìyí o, kì í ṣe ilé ìdáná.

Ọ̀GÁ: Hùn. Obìnrin kan, Liping Ma, gbé irú ẹ̀ ka iwájú tísà 23 ní Amẹ́ríkà: 1¾ ÷ ½. Mẹ́sàn-án péré ló ṣe é délẹ̀ láìṣì í. Àwọn 72 tó bi ní Ṣáínà, gbogbo wọn ló gbà á. Ó ti wà nínú ìwé láti 1999.

TÍSÀ: Mà, ẹ dúró ná. Àwọn tó kù ní Amẹ́ríkà ò gbà á?

Ọ̀GÁ: Wọn ò gbà á.

TÍSÀ (ó tún táì ṣe): Ẹ ò rí i! Èmi àti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ni wá!

(Ọ̀gá wò ó. Ó lọ.)

TÍSÀ: Ẹ̀yin ọmọ, ⅛ yẹn ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Tísà kì í pa ohun tó bá ti kọ rẹ́. Òfin ni.

(Wọ́n jáde ìsinmi. Ìyá Kàmọ́rù tẹ́ igbá gàrí ẹ̀ sí ẹnu géètì.)

TÍSÀ: Ìyá Kàmọ́rù, ẹ bá mi wọn ìdajì kóńgò gàrí Ìjẹ̀bú. Kí ẹ pín in sínú ọ̀rá ní kọ́tà-kọ́tà. Owó yín rèé.

ÌYÁ KÀMỌ́RÙ: Ẹ ṣé o, tísà. Kàmọ́rù! Ìdajì, ká pín in ní kọ́tà, èló ni tísà ní kẹ́ ẹ kọ?

KÀMỌ́RÙ: ⅛, mà.

(Ìyá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, ó so ó.)

TÍSÀ: Kí lèyí? Owó ìdajì kóńgò ni mo san o!

ÌYÁ KÀMỌ́RÙ: Nǹkan téèyàn bá ti pín ńkọ́? Ṣebí ó gbọ́dọ̀ kéré sí i?

TÍSÀ: Ìyá, ọ̀rá méjì ló yẹ kí n gbà! Kọ́tà méjì ló wà nínú ìdajì! Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n! Kí ló fà á?

KÀMỌ́RÙ: Kò sí "kí ló fà á" nínú gàrí, sà.

TÍSÀ: Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti gbàgbé ni. Ẹ yí i sódì!

ÌYÁ KÀMỌ́RÙ: Ṣé ó dá yín lójú?

TÍSÀ: Ẹ yí i sódì, mo ní!

(Ìyá tú ọ̀rá, ó yí i sódì. Gbogbo gàrí dà padà sínú igbá.)

ÌYÁ KÀMỌ́RÙ: Oníbàárà tó kù dà?